Mo Fi Òòbẹ̀ Ṣẹbọ, Ó Kù Díẹ̀ Kí N Fi Ọmọ Mi Kún Un

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí dára púpọ̀, òun ni ó sì tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ní iwájú ilé mi ní gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù, òwe yìí kan náà ni ó fẹ́ sọ mí di ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo gbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe oníṣòwò, kódà bí kò tilẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ lásán.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, ọ̀gbẹ́ni kan wà tí ó máa ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pupa kékeré kan kọjá ní ojú pópó wa. Ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwa ọmọdé fi ń rí orí rẹ̀ láìnàgà, ìró rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń wúkọ́ ní yàrá kejì. M.G. ni orúkọ rẹ̀. Mo sọ nínú ọkàn mi pé bí Ọlọ́run bá fún mi lówó, n ó ra irú rẹ̀. Mo dé Ìlú Ọba ní ọdún 1991, mo di awakọ̀ bọ́ọ̀sì, mo gbé ìyàwó, a bí ọmọ mẹ́ta, owó kò sì fi ìgbà kan ṣẹ́ kù. Ó di ọdún 2021 kí n tó rí ọ̀kan rà lọ́wọ́ bàbá Òyìnbó kan tí ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè wakọ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní M.G.B. G.T. ni, ọdún 1972 ni wọ́n sì ṣe é.

M.G. yìí dúró fún Morris Garages, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní ìlú Oxford. Ní Abingdon, tí kò jìnnà sí Oxford, ni wọ́n ti ń ṣe M.G.B. láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980, èyí tí wọ́n sì ṣe lé ní 500,000. Nítorí pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, títí di òní olónìí ni ènìyàn ṣì ń rí ohun èlò rẹ̀ rà. Ohun tí ó ṣòro kì í ṣe àtirí ohun èlò tuntun rà. Àtitú ògbólógbòó kúrò ni iṣẹ́, nítorí irin tí òjò àti iyọ̀ ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ fún àádọ́ta ọdún kì í fẹ́ fi ara wọn sílẹ̀ mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀ kún un. Ní Ìlú Ọba, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba ti yọ̀ǹda ọkọ̀ tí ó bá ti lé ní ogójì ọdún, bí a kò bá ti yí bí wọ́n ti ṣe é padà, pé kí ó má lọ mọ́. Èyí kò wí pé kí ẹnikẹ́ni wa ọkọ̀ tí kò pé o. Òfin ṣì di ẹrù náà lé ẹni tí ó ni ọkọ̀ lórí. Ojú aláyẹ̀wò ni ó kúrò lára ọkọ̀, ó wá ku ojú tèmi nìkan.

Ojú mi náà sì rí i. Bí mo bá gun àwọn ebè kékeré tí wọ́n ń mọ sí ojú pópó kí ọkọ̀ má bàa sáré, imú ọkọ̀ mi a máa lọ sókè sódò kí ó tó dúró. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá yóò gòkè lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dúró jẹ́ẹ́. Tèmi ń mì bí ọmọ tuntun lẹ́yìn ìyá oníjó. Mo bẹ abẹ́ rẹ̀ wò, mo rí epo tí ó ti jò sílẹ̀ lára ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì. Ṣọ́ọ̀kì ti kú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣọ́ọ̀kì ni ó ń gbé ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ni ó ń gbé ọkọ̀. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti pàrọwà fún sípíríǹgì kí ó má máa jó lọ. Nínú ṣọ́ọ̀kì M.G.B., epo wà, pẹ̀lú irin méjì tí ń ti epo náà síwá sẹ́yìn. Epo yìí kò ní ọ̀nà àtikọjá àfi ojú ihò tóóró kan. Ohun tí a bá sì ń tì gba ojú ihò tóóró kì í yára. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá fò sókè, epo ni yóò fà á sẹ́yìn, agbára ìfò náà yóò sì di ooru lára irin, yóò tán síbẹ̀. Bí epo bá ti jò tán, kò sí ẹni tí yóò bá sípíríǹgì wí mọ́. Ẹ tẹ bíréèkì lórí ọ̀nà gbágungbàgun, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò máa fò lórí ilẹ̀ dípò kí ó dì í mú. Báyìí ni ọkọ̀ ṣe ń pa èrò.

Ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ìsinsìnyí gùn bí ọ̀pá. Ti M.G.B. kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí àpótí irin kékeré tí ó na apá méjì síta bí akàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ìtàn yìí. Apá akàn náà ni ó di orí irin tí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ń yí lé lórí mú. Apá mìíràn wà nísàlẹ̀, sípíríǹgì ńlá sì wà láàárín apá ìsàlẹ̀ àti igi irin tí ó dábùú abẹ́ ọkọ̀, wọ́n fún un pọ̀ gidigidi. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tú apá ṣọ́ọ̀kì ti tú okùn tí a fi so sípíríǹgì. Bí kò bá sí ohun mìíràn tí ó gbé apá ìsàlẹ̀ ró ní ìṣẹ́jú náà, sípíríǹgì yóò fò jáde. Ó sì wúwo, irin ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ìbàdàn díẹ̀. Bí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, bàbá mi a máa fi mí sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan nítòsí ilé wa kí n má bàa máa rìn kiri. Ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù náà, sípánà kò tó nǹkan, ọkọ̀ sì pọ̀ bí eéṣú. A fi páìpù omi bọ ìdí sípánà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. A gé rọ́bà inú táyà, a fi di ohun tí ń jò. A ti rọ ṣísẹ́ẹ̀lì láti ara sípíríǹgì lọ́rì tí ó kán. Ọ̀gá mi a máa wí pé, “Ọmọ tí kò lè ṣe irinṣẹ́ kò tíì kọ́ṣẹ́.” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo dì mọ́ ẹrù mi wá sí Ìlú Ọba. Ọ̀rọ̀ kejì tí ó máa ń sọ, mo gbàgbé rẹ̀ sí Òkè-Àdó. Ẹ óò gbọ́ ọ láìpẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 16, ni ó ń ràn mí lọ́wọ́. Inú mi dùn púpọ̀, nítorí ọmọ ayé òde òní kì í fẹ́ fi ojú kúrò lára fóònù. Mo fẹ́ kí ó rí i pé bàbá òun mọ nǹkan kan.

Bóòtù mẹ́rin ni ó di ṣọ́ọ̀kì mọ́ igi irin abẹ́ ọkọ̀. Kí n tó gbé ọkọ̀ sókè, mo fẹ́ dẹ̀ wọ́n díẹ̀, láìtú wọn. Ibẹ̀ ni ìyọnu àkọ́kọ́ ti dé. Ọkọ̀ àtijọ́ yìí, íńṣì ni wọ́n fi wọn bóòtù rẹ̀. Gbogbo sípánà mi sì jẹ́ ti mìlímítà, nítorí ọkọ̀ ilẹ̀ Japan ni mo fi ń gbé ìdílé mi. Orí bóòtù náà jẹ́ íńṣì 9/16, èyí tí í ṣe mìlímítà 14.29. Sípánà 14 kò wọ̀ ọ́. Sípánà 15 ń yí lórí rẹ̀ bí fìlà bàbá lórí ọmọ. Olóye ènìyàn ì bá lọ ra sípánà kan. Èmi rántí ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi. Mo gé agolo mílíìkì, mo ká páànù rẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, mo fi há àárín sípánà 15 àti orí bóòtù. Ó gbà! Mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó dẹ̀. Ọmọ mi pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin kò gbà. Páànù fà ya, sípánà yọ̀, gbogbo igun orí bóòtù fá, ó di róbótó. Ọmọ mi bojú wò mí. Mo sọ fún un pé kí ó má fòyà. Mo mú ẹnu sípánà 14, irú èyí tí a máa ń dé mọ́ bóòtù lórí, èyí tí ó kéré jù níjọ́sí, mo fi hámà kàn án mọ́ orí bóòtù náà. Nítorí pé igun rẹ̀ ti fá, ohun tí ó kéré jù tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ó há pinpin. Mo fi páìpù gígùn bọ ìdí ọwọ́ rẹ̀, mo fà á. Ó kígbe kíìì, ó sì dẹ̀. N kò puró fún yín, mo yan bí ọmọ ọba wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta, a gbé ọkọ̀ sókè. Jáàkì kan ṣoṣo ni mo ní, kékeré tí ń ká bí àlùmọ́gàjí, èyí tí ó bá ọkọ̀ ìdílé mi wá. Mo fi í gbé M.G. sókè, mo to pákó mẹ́fà léra wọn sábẹ́ rẹ̀, mo sọ ọkọ̀ lé pákó. Mo wá fa jáàkì náà yọ, mo gbé e sábẹ́ apá ìsàlẹ̀ kí ó lè di sípíríǹgì mú. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ tútù, mo sì tẹ́ pákó pẹlẹbẹ kan sábẹ́ jáàkì. Mo wò ó, mo ní ó ti tó. Òòbẹ̀ nìyẹn.

Bóòtù gígùn kan ni ó so apá ṣọ́ọ̀kì mọ́ orí irin ẹsẹ̀ ọkọ̀. Mo yọ pínnì rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ṣùgbọ́n bóòtù fúnra rẹ̀ kò mira. Ìpẹtà ti sọ òun àti irin tí ó yí i ká di ọ̀kan. Mo lù ú, kò gbọ́. Mo rò ó bí oníṣòwò ti í rò ó. Àwọn tí ń ta ṣọ́ọ̀kì tí a tún ṣe a máa gba owó ìdógò lọ́wọ́ ẹni. Ìgbà tí ẹ bá dá ògbólógbòó padà láìfọ́ ni ẹ óò gba owó yín. Bẹ́ẹ̀ ni bóòtù tuntun kò wọ́n. Nítorí náà mo pa èyí tí ó pọ́ọ́kú kí n lè dá èyí tí ó gbówó lórí sí: mo ní kí a fi ayùn irin gé bóòtù náà. Ọwọ́ ayùn kò lè wọ inú àyè tóóró yẹn. Mo yọ abẹ ayùn nìkan, mo fi àkísà wé ìdí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ bí ẹni rẹ́ ilá. Ohun tí mo ṣe yìí kò burú. Bí ó bá tún kàn mí, n ó tún ṣe é. Èyí tí mo fi gbé sípíríǹgì ró ni ó burú.

Wákàtí méjì ni a fi ń rẹ́ bóòtù yìí, èmi àti ọmọ mi ń gbà á fún ara wa. Ọmọ mi tẹ́ páálí kan sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó jókòó lé e lórí, ó fi orúnkún gbé irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ró kí ó má máa mì. Ìhà kan ti gé tán, ìhà kejì ku díẹ̀. Ìyàwó mi ṣí fèrèsé, ó ké sí wa pé oúnjẹ ti ń tutù. Ọmọ mi dáhùn pé, “Mo ń bọ̀, Mọ́mì, ó ti fẹ́ gé tán.” Mo rò pé n ó sọ fún un pé kí ó dúró. Mo ti la ẹnu gan-an. Ìyàwó mi tún ké, ó fi oríkì pè é: “Àjàní! Ṣé o kò gbọ́ ni?” Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá fi oríkì pè kì í jókòó. Ó dìde, ó na ara, ó wọlé.

Mo fa ayùn náà bí ìgbà mẹ́wàá sí i. Bóòtù gé. Mo rí i tí jáàkì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, pákó tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù, n kò sì tíì mí èémí kan tí mo gbọ́ gbàù! Apá ìsàlẹ̀ já wálẹ̀. Sípíríǹgì fò jáde láàárín irin, ó kọjá ní ibi tí àyà ọmọ mi wà ní ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn, ó lu àpótí ìdọ̀tí aládùúgbò wa, ó dá a lu, ó sì fọ́ ọ. Pákó tí mo tò yẹ̀, ọkọ̀ rọ̀ wálẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó dúró. Irin gbá ọwọ́ òsì mi, ìka méjì ń ṣẹ̀jẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Páálí tí ọmọ mi fi ṣe ìjókòó ni mo ń wò. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti jábọ́ lé e, ó ti fà á ya sí méjì.

Ọmọ mi sáré jáde, ẹran ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀. “Dádì, kí ló dún?” N kò lè dá a lóhùn. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó wo àpótí ìdọ̀tí, ó wo sípíríǹgì, ó wo páálí. Kò pariwo. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: “Baálé mi, ọkọ̀ ni ẹ fi owó rà. Ọmọ ńkọ́?” Ó fa ọmọ rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sí orí ilẹ̀ tútù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Òru ọjọ́ náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ kejì tí ọ̀gá mi máa ń sọ. Ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa, kò sí irinṣẹ́ tí a kì í fi ọgbọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ àfi bí a bá ti ti ìdí táyà lọ́rì méjì, irin lásán, sábẹ́ rẹ̀. Jáàkì a máa wà níbẹ̀, ìdí táyà a sì tún wà níbẹ̀. Bákan náà, kò sí sípíríǹgì tí a óò tú láìjẹ́ pé a ti fi ṣéènì so ó. Ẹni tí ó bá gbàgbé a máa gba ìgbátí. Ọ̀gá mi a sì wí pé, “Bí irinṣẹ́ bá já, a ó ṣe òmíràn. Bí ìwọ bá já, níbo ni n ó ti rí ìyá tí yóò bí òmíràn?” Ẹ kò rí i pé òun náà kò ní owó ju mi lọ? Òun pẹ̀lú, òòbẹ̀ ni ó fi ń ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀mí bá wà, méjì-méjì ni ó máa ń fi ṣe é.

Ohun tí ó dùn mí jù lọ ni pé ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà wà lórí pẹpẹ nínú ilé mi láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Mo ṣí i ní òru. Ó kọ ọ́ gbangba pé jáàkì kò gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ apá ìsàlẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí apá ṣọ́ọ̀kì bá ṣì wà ní títú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dárí jì mí. Mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ mi lójoojúmọ́ pé kí wọ́n máa kàwé.

N kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ra àpótí ìdọ̀tí tuntun fún aládùúgbò mi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìhà òsì tí mo ti bàjẹ́, mo pe mẹkáníìkì kan tí ó ní ojúlówó irinṣẹ́ tí a fi ń fún sípíríǹgì pọ̀. Mo san iye tí ó pè, n kò ná an. Mo ní kí ó pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì ìhà náà pẹ̀lú, nítorí òun ni ó gbé irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ró nígbà tí gbogbo rẹ̀ já, kò sì yẹ kí a tún fi ọkàn tán an. Lẹ́yìn èyí mo ra jáàkì ńlá tí ń yí lórí ẹsẹ̀, mo ra àga irin méjì tí wọ́n ṣe nítorí àtigbé ọkọ̀, mo sì ra sípánà 9/16 kan.

Nígbà tí ó kan ìhà ọ̀tún, mo bẹ ìyàwó mi pé kí ó jẹ́ kí ọmọ náà wá wò ó, kí ẹ̀kọ́ búburú tí mo kọ́ ọ má bàa jẹ́ èyí tí yóò gbé lọ. Ó ronú títí, ó gbà, ṣùgbọ́n òun náà gbé àga síta, ó jókòó tì wá. Ilẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ náà. A fi òkúta há ẹ̀yìn àti iwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. A dẹ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ iwájú kí ó tó kúrò nílẹ̀. A gbé ọkọ̀ lé àga irin méjèèjì, mo sì fi gbogbo agbára tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò mì. A ti jáàkì ńlá sábẹ́ apá ìsàlẹ̀, a gbé e díẹ̀díẹ̀ títí apá ṣọ́ọ̀kì fi kúrò lórí rọ́bà tí ó fẹ̀yìn tì. A fi ṣéènì so sípíríǹgì mọ́ apá ìsàlẹ̀. A fi wáyà so irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ́ òkè kí ó má bàa fa rọ́bà bíréèkì. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a tó mú sípánà.

Bóòtù gígùn ti ìhà yìí náà dì, bí mo ti retí. Mo ti ń ta epo sí i fún òru mẹ́ta. Ní ọ̀tẹ̀ yìí mo yá irin tí àwọn káfíńtà fi ń di pákó pọ̀, èyí tí ó ní sukúrúù gígùn lẹ́nu. Mo fi ẹnu sípánà ńlá kan sí ìhà orí bóòtù kí bóòtù lè rí ihò wọ̀, mo fi ìṣó irin kúkúrú kan sí ìdí rẹ̀, mo fi irin káfíńtà há gbogbo rẹ̀ láàárín, mo sì ń yí i wọlé. Nígbà tí ó le tí n kò lè yí i mọ́, mo ní kí ọmọ mi fi hámà kékeré kan irin ìhà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó kan án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Gbàù! Bóòtù sún. Ìyàwó mi fò dìde lórí àga. Nígbà tí ó rí i pé bóòtù lásán ni, tí sípíríǹgì kò sì kúrò ní ibi tí ó wà, òun ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Sípánà 9/16 tú bóòtù mẹ́rin yòókù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìsí agolo mílíìkì. A gbé ṣọ́ọ̀kì tuntun dúró ṣánṣán, a mi apá rẹ̀ sókè sódò ní ìgbà púpọ̀ kí afẹ́fẹ́ inú epo rẹ̀ lè jáde, a sì dè é mọ́ ibi tí ó yẹ. Mo dá ògbólógbòó méjèèjì padà, mo gba owó ìdógò mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi àti ọmọ mi wa ọkọ̀ náà lọ sórí àwọn ebè ojú pópó. Imú rẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò wí pé kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú ọgbọ́n àtinúdá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kì bá tí jẹun bí kì í bá ṣe ọgbọ́n yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí a tó ṣe é: bí ohun tí mo fi rọ́pò yìí bá já, kí ni yóò bàjẹ́? Bí ó bá ṣe bóòtù ni yóò fá, tàbí owó díẹ̀ ni yóò ṣòfò, ẹ máa ṣe é lọ, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn bá ní orúkọ tí ìyá kan sọ ọmọ rẹ̀ nínú, ẹ dúró. Oníṣòwò tí ń to àpótí ọtí léra wọn kí ọmọ ọ̀dọ̀ lè gun un dé òkè àjà, kí ó bi ara rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọṣẹ dí ibi tí gáàsì ti ń jò, kí ó bi ara rẹ̀. Olùkọ́ tí ó fi igi kan ti òrùlé kíláàsì tí ó ti tẹ̀, tí àwọn ọmọ sì jókòó sábẹ́ rẹ̀, kí òun náà bi ara rẹ̀.

Mo tọ́jú páálí tí ó fà ya náà. Ó wà ní ara ògiri ibi tí mo ń kó irinṣẹ́ mi sí, lókè sípánà, níbi tí ojú mi kò fi lè ṣàì rí i. Bí ẹ kò bá rí àdàn, ẹ fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, kò burú. Ẹ sáà kọ́kọ́ wo ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ.